Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta hosta "búlúù" fún wa ní Houston

Ẹ̀yin ará Houston tí ẹ fẹ́ràn òdòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń gbé àwòrán hosta búlúù, ewéko abẹ́ ìbòji tá à ń gbìn torí ẹwà ewé rẹ̀, kiri lórí Facebook o. Ojú mi ló ṣe.

Oṣù kẹta ni mo fi dọ́là 85 ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ Zelle, fún gbòǹgbò hosta mẹ́fà àti àpò irúgbìn kan. Abẹ́ igi oak ẹ̀yìnkùlé mi ni mo fẹ́ gbìn wọ́n sí. Mo bi í bóyá á gba ooru tiwa. Ó ní kí n má ṣèyọnu, "zone 3 sí 9", ìyẹn nọ́ńbà àwọn agbègbè tí ewéko ti lè yè, ni wọ́n kọ sí i, zone 9 sì ni wá.

Ibẹ̀ gan-an ló ti rí wa mú. Zone tí USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, ń kọ, bí òtútù ṣe ń mú tó nìkan ló ń sọ. Kò kan ooru oṣù kẹjọ, kò kan ọ̀rinrin. Hosta ní láti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sùn nínú òtútù gidi kó tó hù dáadáa, òtútù tiwa kì í sábà tó o. Lọ́dún àkọ́kọ́ á rẹwà, torí oorun tó ti sùn sílẹ̀ ní àríwá ló ń ná. Lọ́dún kejì á kéré sí i. Nígbà tó bá fi máa tán pátápátá, ẹni tó tà á ti lọ.

Tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lóṣù keje, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ewé rẹ̀ sùn lulẹ̀. Mo fa ọ̀kan, ó já wọ́ọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdí rẹ̀ ti rà, nǹkan funfun bí òwú bò ó, hóró pupa rúsúrúsú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró tẹ̀tẹ̀ lọ sì wà káàkiri inú òwú náà. Southern blight ni wọ́n ń pe àrùn yẹn, ooru àti ọ̀rinrin ni oúnjẹ rẹ̀. Ńṣe ni mo gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dànù.

Irúgbìn ńkọ́? Kò sí hosta tó búlúù bí aṣọ ẹbí. Ìda fẹ́lẹ́ ojú ewé ló ń jẹ́ kó dà bíi búlúù. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò nù ún, àwọ̀ ewé lásán lẹ máa rí, ooru náà sì ń yọ́ ọ kúrò. Irúgbìn rẹ̀ kì í sábà jọ ìyá, ìdí nìyẹn táwọn tó mọṣẹ́ fi ń pín gbòǹgbò. Hóró hosta dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó ní ìyẹ́ tín-ín-rín létí. Tinú àpò mi rí roboto bí hóró ilá. Mi ò gbìn ín. Ẹ rántí irúgbìn tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè tó ń wọlé láti Ṣáínà lọ́dún 2020, tí USDA ní ká má gbìn.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà, ó ní, "Mọ́mì, omi tẹ́ ẹ bù sí i ló pọ̀ jù." Ló bá blọ́ọ̀kì mi.

Caladium ni mo gbìn síbẹ̀ báyìí, mọ̀lẹ́bí kókò wa, ọmọ ilẹ̀ ooru. Ọkùnrin yẹn ti ṣí ojú ìwé mìíràn pẹ̀lú orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n àwòrán ò yí padà: ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ pupa ló di ewé náà mú.