Iléèwé tí ìròyìn rẹ̀ ń dé etí ìyá mi: àgbéyẹ̀wò láti Kétu

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ẹ̀kọ ni ó ń tà ní ọjà Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, kò sì ní fóònù olójú ńlá. Ní ọjọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, òun ni ó wọlé tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń ránṣọ, ó ní: "Wọ́n ní kí gbogbo òbí ọmọ CM2 mú ìwé ìbí ọmọ wọn wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Tìrẹ dà?" CM2 ni kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọbìnrin mi wà. Èmi tí mo kàwé dé 3ème, ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, kò tíì gbọ́ nǹkan kan, nítorí iná fóònù mi ti tán láti ọ̀sán. Òun ti gbọ́ ọ nínú fóònù ìyá oníyán tí wọ́n jọ ń tajà, bí iléèwé ṣe sọ ọ́ gan-an, ní Yorùbá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń túmọ̀ fún un.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ní ọmọ kékeré máa ń bi mí bóyá iléèwé àdúgbò tí àwọn ọmọ mi wà dára. Iye ọmọ tó yege ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ gbọ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì, àmọ́ ohun tó mú mi dúró síbẹ̀ fún ọdún méjì ni bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tó wa létí, tí a fi ń mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. N kò ní dárúkọ iléèwé náà níbí. Ẹni tó bá wà ní Kétu tó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó yà sọ́dọ̀ mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwa: CI, CP, CE1, CE2, CM1, CM2, lẹ́yìn náà ọmọ yóò ṣe ìdánwò CEP. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré bẹ̀rẹ̀ láti 6ème, ó parí sí 3ème pẹ̀lú ìdánwò BEPC. Apá méjèèjì ló wà nínú ọgbà kan náà ní iléèwé tí mò ń sọ yìí. Ọmọkùnrin mi wà ní 5ème, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní CM2, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi sì wà ní 3ème. Ìròyìn apá méjèèjì ló ń wọ ilé mi.

Mo mọ iyì ohun tí wọ́n ń ṣe nítorí ibi tí mo ti ń bọ̀. Ní iléèwé tí ọmọkùnrin mi ti ṣe CM2, ìwé ni wọ́n máa ń kọ, ní èdè Faransé, wọn á ká a, wọn á kì í sọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ á jù ú sísàlẹ̀ àpò. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ní kí n wá, nítorí pé lẹ́tà kan nínú orúkọ ọmọ mi nínú ìwé ìbí rẹ̀ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé. Ìgbà tí mo fi rí ìwé yẹn, epo pupa ti wọ̀ ọ́, ọjọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Mo sáré dé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, wọ́n ní iwájú adájọ́ ní Pọbẹ̀ ni wọ́n ti ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Pọbẹ̀, lásìkò tí aṣọ ọdún kún inú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo sunkún lọ́nà nígbà kejì. Ọlọ́run ṣe é, orúkọ rẹ̀ wọlé, ó sì yege. Àmọ́ n kò lè gbàgbé pé gbolohùn kan péré, tí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún mi ní oṣù kan ṣáájú, ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn.

Níbi tí a wà báyìí, alẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Mògàríbì, ni ìròyìn máa ń wọlé sórí WhatsApp. Ohùn ni. Olùkọ́bìnrin kan ló ń sọ ọ́, a sì ti mọ ohùn rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ kékeré ní àdúgbò ń sín in jẹ: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oko." Yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, yóò sọ ohun tó ń bọ̀, yóò sì tún ọjọ́ àti wákàtí sọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ mìíràn á sọ ọ́ ní Fọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń gbé kì í ṣe Yorùbá. Èdè Faransé á tẹ̀lé e ní kíkọ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí pátákó dúdú tó wà lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ CM1 àti CM2 ló ń kọ ti Yorùbá. Èyí dùn mọ́ mi ju ohun gbogbo lọ. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti CI, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Yorùbá láàárọ̀ lálẹ́ láìkọ gbolohùn kan rí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ kọ pé kí òbí mú owó ọkọ̀ wá, wọ́n sì kọ "owó ọkọ". Bàbá kan tó máa ń ka Bíbélì Yorùbá ló dúró, tó gba ṣọ́ọ̀kì, tó fi àmì sí i, tó sì ṣàlàyé fún wọn. Ọmọbìnrin mi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí léèrè àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan orúkọ tí mo kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ní kí akunlé wá tún un kọ.

Owó náà ni kí n sọ̀rọ̀ lé. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ wa láti ọdún 2006, ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ wá sí tiwa mọ̀ pé òun ń sanwó. Àwa òbí la kó owó jọ tí a fi kọ́ yàrá méjì àkọ́kọ́, àwa náà là ń san owó àwọn olùkọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a gbọ́ ìṣirò. Ní ìparí oṣù, ohùn yẹn á sọ iye tó wọlé, iye tó lọ sọ́wọ́ olùkọ́, iye tó kù. Nígbà tí wọ́n ra páànù fún yàrá 4ème, bàbá kan tó ń ta páànù gbọ́ iye tí wọ́n dá, ó fèsì lójú gbogbo wa pé owó náà ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá iléèwé fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ka rìsíìtì, ó ní owó ọkọ̀ àti owó ìṣó wà nínú rẹ̀, ó sì ní ó yẹ kí àwọn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àjọ tí kò ṣe ìṣirò tó báyìí.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ètò oúnjẹ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú àjọ oúnjẹ àgbáyé wà ní ọ̀pọ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ní tiwa, àwọn ìyá olóúnjẹ ló ń tà lẹ́nu géètì, ìròyìn sì máa ń sọ ẹni tí iléèwé fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ náà.

Kí n wá sọ ohun tó ń bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìkéde lè kọjá ìkéde. Àwọn ọmọ 6ème àti 5ème ń múra ọjọ́ àṣà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọn yóò sì jó. Ọmọ Kétu ni wá, kò sí bí a ṣe lè kọ́ ọmọ wa láìsọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní aráyé, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jáde, ọkàn àwọn kan láti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kò balẹ̀. Iléèwé kò bá wọn jà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, olùkọ́ wa sọ ohun tí wọn yóò ṣe àti ohun tí wọn kò ní ṣe: agbẹ́gilére kan yóò wá fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi hàn wọ́n, wọn yóò kọ orin, wọn yóò jó lọ́sàn-án, kò ní sí Ẹ̀fẹ̀, apá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóru, kò ní sí ètùtù kankan. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jó, kí ó sọ ọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ọmọ náà á ka ewì. Mùsùlùmí ni mí. Ọmọ mi yóò jó, mo sì ń rán aṣọ ìjó náà fún ọmọ mẹ́rìnlá lọ́wọ́ báyìí.

Àwọn kékeré, CE2 àti CM1, yóò rìn lọ wo Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu odi àtijọ́ ìlú wa. Ìkéde sọ bàtà tí wọn yóò wọ̀, ó sọ omi tí wọn yóò gbé dání. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé ní 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó Kétu, kí ẹni tó bá ní ìtàn ìdílé nípa rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ọmọ CM2 ni tèmi, kì í ṣe òun ló ń lọ. Síbẹ̀, alẹ́ yẹn ni ìyá mi jókòó, tó sọ fún wa bí wọ́n ṣe kó ìyá ìyá tirẹ̀ lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhọ̀mì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àti bí àwọn tó kù ṣe padà wálé lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì. Ọmọ ogójì ọdún ni mí. N kò gbọ́ ọ rí.

Mo ti yìn wọ́n, ó yẹ kí n sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ohùn náà máa ń gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń ra dátà igba fáráǹkì kò lè máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn àwa òbí pàápàá ń dá kún un: bí ìròyìn bá ti wọlé, "àmín" àti "ẹ ṣeun" ogójì á bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣí fóònù ní ọ̀la á máa wá a kiri. Mo ti sọ ọ́ nínú gúrúùpù pé kí iléèwé nìkan máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí a ní ibòmíràn fún àdúrà. Wọn kò tíì ṣe é.

Nígbà òjò, omi máa ń fọ pátákó. Àwọn tí kò ní fóònù, tí oko wọn jìnnà, pátákó yẹn ni wọ́n gbójú lé. Páànù kan péré lórí rẹ̀ tó.

Ọdún kìíní, wọ́n fi ìpàdé òbí sí ọjọ́ ọjà. Bàbá mẹ́sàn-án ló wá, kò sí ìyá kankan. Ìyá oníyán ló lọ sọ fún wọn, wọ́n sì gbọ́: láti ìgbà náà, wọ́n máa ń ka ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gbogbo ohun rere tí mo ti sọ yìí, apá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ní ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá dé 6ème, bí ẹni pé wọ́n rò pé òbí rẹ̀ ti gbọ́ Faransé lójijì. Ètò ìdánwò ìgbaradì BEPC, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní examen blanc, orí ìwé ló ti jáde, ní Faransé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá àwọn olùkọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú kayé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, wálé, ó kọ wákàtí ìṣirò sí ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ló bá wa tún un ṣe. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lè ka kayé yẹn ńkọ́? Àwọn ọmọbìnrin 3ème ló nílò jù lọ kí ẹni tó wà nílé mọ ọjọ́ ìdánwò wọn, nítorí iṣẹ́ ilé kì í dúró dè wọ́n. Bí ìyá bá mọ̀ pé Ọjọ́rú ni ìṣirò, kò ní rán ọmọ lọ lọ gàrí ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bí mo bá fi máàkì iléèwé wa díwọ̀n rẹ̀, apá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gba 17 nínú 20 lọ́wọ́ mi, kọ́lẹ́ẹ̀jì gba 11.

Ìpàdé òbí ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀: kí olùkọ́bìnrin wa máa ka ètò ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní Yorùbá àti Fọ̀n, ọjọ́ kan lé ọjọ́ kan. Ìyá mi ní òun yóò bá mi lọ. Ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀gá iléèwé, nípa ẹ̀kọ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ lẹ́nu géètì.