Bátìrì olómi àbí lithium: èwo ni ká rà sí sólà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sólà sílé torí owó epo ti lé yín nídìí jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú o. Olómi, ìyẹn tubular, kò wọ́n tó lithium lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń rà á, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: olómi 12V 200Ah, 12 lọ́nà 200, wáàtì-wákàtí 2,400 ni, ìyẹn iye iná tó lè gbà pa mọ́, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ kó má bàa tètè kú, ó ku 1,200 nìyẹn. Lithium 12.8V 100Ah péré, 1,280 ni, ẹ sì lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹ̀ láìsí wàhálà, ó lé ní 1,000. Ṣé ẹ rí i pé 200 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 yìí lọ?

Olómi tún fẹ́ kẹ́ ẹ máa yẹ omi ẹ̀ wò, distilled water ni o, kì í ṣe pure water, ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣe é, ó sì máa ń tú gáàsì jáde tó bá ń chájì, torí náà ẹ má gbé e sí yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Lithium ò mọ ìyẹn, àmọ́ tí inverter yín ò bá ní setting ẹ̀, ẹ lè ní láti ra òmíì.

Tówó bá wà, lithium ni tèmi. Tí kò bá sí, ẹ ra olómi tuntun, kì í ṣe tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ sì yọ gílóòbù 60W yẹn dànù kó má bàa tètè fa iná bátìrì tán, LED 9W á mọ́lẹ̀ tó o.