Àyẹ̀wò ìlànà A3 fún ẹgbẹ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àkànṣe

Nínú àwọn ìlànà tí a fi ń yanjú ìṣòro lẹ́nu iṣẹ́, A3 tí a mọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Toyota ni mo fara mọ́ jù fún ẹgbẹ́ kékeré. Ojú bébà A3 kan ṣoṣo, mìlímítà 297 sí 420, ni gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó fà á, àtúnṣe tí a dábàá àti bí a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò tíì mọ ìdí ìṣòro kò ní ráyè fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bo àìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ìbéèrè owó tó máa ń pẹ́ kó tó jáde. Bí a bá béèrè ìdí, wọn yóò ní ọ̀gá ni kò tètè buwọ́ lù ú. Bí a bá tún béèrè, a lè rí i pé fọ́ọ̀mù náà kò ní àyè fún ohun tí ọ̀gá nílò láti mọ̀. Fọ́ọ̀mù ni àtúnṣe kàn.

Bí àbùkù bá ti dé ọwọ́ oníbàárà, 8D, ìlànà onígbésẹ̀ mẹ́jọ tí ilé-iṣẹ́ Ford gbé kalẹ̀, ni kí ẹ mú, torí pé ó ní kí a kọ́kọ́ dá ìpalára dúró kí a tó wádìí. DMAIC, ìlànà onígbésẹ̀ márùn-ún (ṣàlàyé ìṣòro, wọ̀n ọ́n, wádìí rẹ̀, ṣàtúnṣe rẹ̀, máa ṣọ́ ọ), ní tirẹ̀ ń béèrè ìṣirò tó pọ̀. Àléébù A3 kan wà: bí olórí ẹgbẹ́ bá dá a kọ lẹ́yìn tí ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe, asán ni.