Ìtàn àròsọ Yorùbá: ká kà á nínú bébà ni, àbí lórí fóònù?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Abẹ́òkúta kì í yé bi mí ní ìbéèrè yìí. Ìtàn méjì ni mo kà tán láìpẹ́, ọ̀kan nínú bébà, èkejì lórí fóònù.

Ìwé àlòkù tí mo rà ní ọjà Kútọ̀ kò wọ́n; ti fóònù, owó dátà nìkan ni. Ikán lè jẹ bébà, ṣùgbọ́n bí fóònù bá sọnù, ìwé bá a lọ nìyẹn.

Àmì ohùn ló dùn mí jù. Ẹ̀dà orí fóònù yẹn kò ní in rárá. Mo rí "ọkọ" níbi tí ìyàwó ti ń sunkún: ọkọ ni, àbí ọkọ̀? Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ló jóná, omijé tó yẹ kó bọ́ lójú mi sì ti gbẹ. Kò yẹ ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859.

Bó o bá ń wọ mọ́tò lọ Èkó láràárọ̀, tàbí iná kì í sí ládùúgbò rẹ lálẹ́, fóònù ni kó o mú. Bó o bá fẹ́ kà á sókè fáwọn ọmọ, ra bébà.