Bọ́ọ̀lù pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún iléèwé ní Àjàṣẹ́: ẹ mú òwú dání

Bọ́ọ̀lù 9 ló wà nínú páálí náà: oòrùn kan, pílánẹ́ẹ̀tì 8, pẹ̀lú apá oníke tó so wọ́n mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ, ó tó. Ìwọ̀n àti àlàfo ló ti ń ṣini lọ́nà, gẹ́gẹ́ bíi fíìmù.

Bọ́ọ̀lù ayé fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Oòrùn fẹ̀ ju ayé lọ ní ìlọ́po 109, nítorí náà ó yẹ kó lé ní mítà 4. Ti inú páálí kò ju ọsàn ńlá lọ. Fún àlàfo ayé sí òṣùpá, ẹ gé òwú mítà 1.2, kí ọmọ kan di orí kọ̀ọ̀kan mú: ìlọ́po 30 fífẹ̀ ayé nìyẹn. Oòrùn ní tirẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí mítà 470, lẹ́yìn ọgbà iléèwé.

Òrùka òkúta tó há ara wọn láàárín Máàsì àti Júpítà, ẹ yọ ọ́ dànù. Nínú fíìmù, ọkọ̀ òfuurufú a máa yẹ òkúta bíi sẹ́mì (ọ̀kadà akérò) nínú ọjà; lóòótọ́, àlàfo wọn tóbi débi pé ọkọ̀ ń kọjá láìrí ọ̀kan.

Wọ́n kun Àgùàlà (Fẹ́nọ́ọ̀sì) ní àwọ̀ omi tútù. (A ti ń pè é ní ajá oṣù tẹ́lẹ̀, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.) Ooru rẹ̀ tó 465°C, ó ju ti Mẹ́kúrì tó sún mọ́ oòrùn jù lọ.

Gílóòbù inú oòrùn kò mọ́lẹ̀ tó láti fi ọ̀sán àti òru hàn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ti fèrèsé. Apá Sátọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ ya, torí òrùka rẹ̀ wúwo.