Páànù dídán, dígí, fóìlì tàbí ọ̀dà funfun: èwo ló yẹ iná orí iyùn yín?

Ẹni tó bá ń sin iyùn ààyè (coral, ẹ̀dá inú òkun) nínú àpótí omi iyọ̀ ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé iná ló ń jẹ owó jù. Gílóòbù gbọọrọ T5 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ń jẹ wáàtì 54. Mẹ́rin rẹ̀ ti di 216, inverter á sì ti máa ké. Bẹ́ẹ̀, yíká ara rẹ̀ ni gílóòbù yìí ń tàn. Èyí tó tàn sókè, iyùn ò jẹ ńbẹ̀. Kí ẹ tó fi gílóòbù kún gílóòbù, rìfílẹ́kítọ̀, ìyẹn ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sísàlẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Àlùmíníọ̀mù dídán tí wọ́n tẹ̀, tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ni màá nawó lé. Èyí tó dán lásán ń dá nǹkan bíi 85 padà nínú ìmọ́lẹ̀ 100; irú MIRO tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì ń dé 95. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dán lọ. Páànù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn gbogbo gílóòbù ń dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà sára gílóòbù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló ń parí sí. Èyí tó dáa ní ìlà tó yọ ṣóńṣó láàárín, lẹ́yìn gílóòbù gan-an, tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mú bírò súnmọ́ ojú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: tí ẹ bá lè ka ohun tí wọ́n kọ sára bírò náà nínú páànù, ẹ rà á. Tó bá rí bíi pé èéfín bò ó, ẹ máa lọ. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé lè bá yín tẹ páànù o, àmọ́ àlùmíníọ̀mù fèrèsé kì í dán tó bẹ́ẹ̀.

Dígí ńkọ́? Ó wúwo, ó pẹlẹbẹ, iyọ̀ sì máa ń jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí wọlé. Mi ò rí ìdí rẹ̀.

Fóìlì tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín wà l'Ọ́jà Ọba, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń rún, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, ó sì ń gbé iná. Fóìlì tó já bọ́ sí ẹnu gílóòbù lórí omi iyọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Ọ̀dà funfun ni mo fi ṣe ìkejì. Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, kìkì pé kò lè darí rẹ̀. Ẹ fi kun inú ìdérí àpótí, pàápàá tó bá jẹ́ iyùn rírọ̀, tí kì í béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, lẹ ní. Acropora, iyùn líle tó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ò ní gba ìyẹn.

Ẹni tó ń lo LED, ẹ fi owó yín sápò: ìsàlẹ̀ ni tiyín ti ń tàn tẹ́lẹ̀.

Èyí tó wù kí ẹ rà, omi tó ń ta á fi iyọ̀ funfun sí i lójú. Ẹ pa iná, kó tutù, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ àti omi tí kò níyọ̀ nù ún; ẹ má fi kànìnkànìn kàn án. Lásìkò ooru, ẹ fi fáànù kékeré sí i, torí T5 kì í tàn dáadáa mọ́ tí ooru yí i ká bá kọjá 35°C.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá so rìfílẹ́kítọ̀ tuntun, ẹ gbé iná sókè díẹ̀ tàbí kí ẹ dín wákàtí rẹ̀ kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iyùn tí ìmọ́lẹ̀ bá já lù lójijì á lé àwọn ewé omi tíntìntín tó ń bọ́ ọ jáde, á sì funfun.