Cisco Catalyst 2960 tòkunbọ̀ ní gbọ̀ngàn CBT: ètò pọ́ọ̀tù rẹ̀ ni mo fi yìn ín

Cisco Catalyst 2960, switch tí ó ń fi wáyà so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, kì í ṣe ọjà tuntun mọ́. Tòkunbọ̀ ni à ń rí rà báyìí, tòkunbọ̀ náà sì ni èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn CBT kan ní Baṣírí, ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn ọmọ tí ó fẹ́ jókòó fún JAMB ti ń dánra wò. Irú èyí tí mò ń wí ní pọ́ọ̀tù (ihò tí a ń fi wáyà sí) 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré dé 100 Mbps, àti méjì tí ó ń sáré dé 1 Gbps fún sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn yòókù ń gba ìbéèrè lọ́dọ̀ rẹ̀) tàbí switch mìíràn. Ìyẹn tó fún ìbéèrè JAMB. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi gbà pé ó ju àwọn switch pọ́ọ́kú lọ ni pé ó gba ènìyàn láyè láti pàṣẹ fún pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe máa ṣe lábẹ́ spanning tree.

Iṣẹ́ spanning tree, ètò tí Radia Perlman gbé kalẹ̀ ní 1985, ni láti dí ọ̀nà kan pa bí ọ̀nà méjì bá so àwọn switch pọ̀, kí ìsọfúnni má baà máa yí po títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dá kú. Nítorí èyí, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà kan, switch kì í ṣí pọ́ọ̀tù rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: yóò fi sẹ́kọ́ńdù 15 fetí sílẹ̀, yóò fi 15 mìíràn kọ́ àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀, iná kékeré orí pọ́ọ̀tù yóò sì máa tàn ní àwọ̀ ọsàn kí ó tó di àwọ̀ ewé. Ní gbọ̀ngàn tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, tí switch wà lórí invẹ́tà ṣùgbọ́n tí àwọn kọ̀ǹpútà ń dúró de jẹnẹrétọ̀, sẹ́kọ́ńdù 30 yìí kì í ṣe kékeré. Windows lè ti wá àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tì kí ọ̀nà tó là, kí ó fún ara rẹ̀ ní èyí tí ó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, tí kò lè fi dé ọ̀dọ̀ sáfà, ọmọ yóò sì máa pariwo pé, “Bọ̀dá, tèmi ò ṣí o!”

Àṣẹ tí ó yanjú èyí ni spanning-tree portfast, tí ó ń mú kí pọ́ọ̀tù ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí a ó sì kọ sábẹ́ pọ́ọ̀tù kọ̀ǹpútà nìkan. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, switch á kọ ìkìlọ̀ jáde pé orí pọ́ọ̀tù tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà ni kí a ti lò ó, pé bí a bá so switch mìíràn mọ́ ọn, ìsọfúnni lè yí po fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ yìí, àmọ́ ìkìlọ̀ kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a lo portfast láìfi spanning-tree bpduguard enable tì í, àṣẹ tí ó ń ti pọ́ọ̀tù pa bí BPDU, ìròyìn kékeré tí àwọn switch fi ń ṣètò spanning tree láàárín ara wọn, bá gba ibẹ̀ wọlé. Bí ẹni tí ó ń gbálẹ̀ bá rí orí wáyà kan nílẹ̀, tí ó sì fi sínú ihò ara ògiri láìmọ̀ pé orí kejì ti wà nínú ihò mìíràn, switch yóò gbọ́ BPDU tí òun fúnra rẹ̀ rán jáde, yóò sì ti pọ́ọ̀tù pa lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí mo ti rí àléébù ni pé pọ́ọ̀tù tí a bá tì bẹ́ẹ̀ kì í ṣí fúnra rẹ̀. Láti iléeṣẹ́ ni wọ́n ti pa ètò tí ó ń ṣí i padà. Àfi kí a tẹ errdisable recovery cause bpduguard kí switch tó máa gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdù 300. Ní ibi tí onímọ̀ ẹ̀rọ kì í ti í sí nítòsí, mo rò pé ó yẹ kí a tàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni priority, nọ́ńbà tí àwọn switch fi ń yan root, ìyẹn olórí wọn nínú spanning tree; èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń jẹ ẹ́: 32768 ni gbogbo wọn ń bá wáyé, bí wọ́n bá sì dọ́gba bẹ́ẹ̀, èyí tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan) bá kéré jù ni yóò di root. Èyí tí ó pẹ́ jù láyé ló sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń jọba níbẹ̀. Ẹ fún switch tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà ní 4096, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tí kò bá ní ẹni tí ó lè jókòó kọ àṣẹ wọ̀nyí kò ní ìdí kan láti rà á. Ẹni tí yóò bá rà á, kí ó béèrè okùn console aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn, èyí tí a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ switch láti kọ àṣẹ, kí ó sì fi write erase àti delete flash:vlan.dat pa ètò ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó rẹ́, nítorí write erase nìkan kì í kan vlan.dat, fáìlì tí ètò VLAN (bí ẹni náà ṣe pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀) wà nínú rẹ̀.